Òwú Méjì, Gíráàfù Kan: Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ya Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Lọ́wọ́

Kí ẹ tó ka àyọkà yìí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ti mọ bí a ṣe ń lo *ń*, *ti* àti *máa* nínú gbólóhùn kúkúrú. Nínú àyọkà yìí, ẹ ó rí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó lóye rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí pẹ̀lú ẹni tó jókòó tì yín:

1. Iṣẹ́ méjì wo ni ẹ lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà láìṣe àṣìṣe? Èwo ni ẹ kò lè ṣe pọ̀?
2. Nígbà tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín dákẹ́ tí kò gbọ́ràn mọ́, kí ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́?
3. Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí símú kò dára?

1. Ẹ̀rọ kékeré kan ní Hellersdorf

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń gbé ní Hellersdorf, ní ìlà-oòrùn ìlú Berlin, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ọkọ̀ ojú irin U5 ń gba àdúgbò yín kọjá lọ sí Hönow. Òkè Kienberg kò jìnnà, èyí tí ọkọ̀ orí okùn ti ń gbé èrò kọjá lórí rẹ̀ láti ọdún 2017. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, afẹ́fẹ́ àdúgbò náà dára. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá bá ti pé, tí aago sì lu méjìlá òru, àwọn ará Berlin a bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà àti iná aláràbarà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èéfín a bo òpópónà, òórùn ẹ̀tù a sì wọlé láti ojú fèrèsé.

Ohun tí imú ń gbọ́ kọ́ ni ó léwu jù. Eruku kan wà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. PM2.5 ni wọ́n ń pè é, nítorí pé fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkrómítà 2.5 lọ, irun orí ènìyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ogún ó kéré tán. Nítorí kíkéré rẹ̀, irun imú kò lè dá a dúró. Tààrà ló ń lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìpíndọ́gba eruku yìí láàárín ọjọ́ kan kò yẹ kó ju máíkrógíráàmù 15 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan, àti pé ti ọdún kan kò yẹ kó ju 5 lọ.

Ẹni tó bá ti gbé ní ilẹ̀ Yorùbá mọ eruku yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá, oòrùn a sì funfun bí àwo. Ní ìlú Èkó àti Ìbàdàn, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti igi ìdáná ń kún un. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń wọn eruku wúlò ní Hellersdorf, ó sì wúlò ní Mọ́kọ́lá.

Ní ọdún 2015, àwọn aráàlú kan ní Stuttgart, lábẹ́ ẹgbẹ́ OK Lab Stuttgart, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní luftdaten.info. Sensor.Community ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Wọ́n ń kọ́ ènìyàn bí ó ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ ìwọn-eruku, kó gbé e sí ìta fèrèsé rẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì máa lọ sórí máàpù tí gbogbo ayé lè wò. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ wọn lò ni SDS011. Fáànù kékeré inú rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ìtànṣán lésà ń kọjá nínú afẹ́fẹ́ náà. Eruku ń tú ìtànṣán ká. Ẹ̀rọ sì ń fi ìmọ́lẹ̀ tó tú ká mọ bí eruku ti pọ̀ tó. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ń fi báìtì mẹ́wàá ránṣẹ́ gba ojú wáyà lọ sínú kọ̀ǹpútà. Báìtì àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ AA, ti ìkẹyìn a sì jẹ́ AB, kí ẹni tó ń gbà á lè mọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Máàpù gbogbogbòò kì í yípadà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ rí eruku òru ọdún tuntun bí ó ṣe ń gòkè lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó ní láti ya gíráàfù tiyín fúnra yín. Ẹ lè ní ọmọ tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ilé. Ẹ fẹ́ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ ti fèrèsé àti ìgbà tí ẹ lè ṣí i padà. Gíráàfù yìí kì í ṣe eré.

2. Iṣẹ́ méjì tí ìwà wọn kò jọ

Ètò yín ní iṣẹ́ méjì láti ṣe. Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ máa gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ máa ya gíráàfù sójú kọ̀ǹpútà.

Ìwà iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni *dídúró*. Ẹni tó ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ SDS011 ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kí nọ́ńbà tó dé, á gbà á, á tún dúró. Bí wáyà bá já, ó lè dúró títí láé.

Iṣẹ́ kejì kò gbọdọ̀ dúró rárá. Fèrèsé tí gíráàfù wà nínú rẹ̀ ní ju yíyàwòrán lọ láti ṣe. Ó ń gbọ́ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ó ń gbọ́ bí ẹ bá fẹ́ fà á gbòòrò, ó ń gbọ́ bí ẹ bá ní kó pa dé. Òwú kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo èyí, ó sì ń yí po láìsinmi: ó ń wò bóyá ẹnìkan ti pè é, ó ń dáhùn, ó tún ń wò.

Ní báyìí, ẹ fi iṣẹ́ méjèèjì sí ọwọ́ òwú kan náà. Bí ó bá ń dúró de nọ́ńbà, kò lè dáhùn ìpè. Ẹ ó tẹ bọ́tìnì, kò ní gbọ́. Ẹ ó fa fèrèsé, kò ní mira. Orí fóònù Android náà nìyẹn: bí ètò kan kò bá dáhùn ìka yín láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, fóònù á jábọ̀ fún yín pé ètò náà kò dáhùn, á sì bi yín bóyá kí òun pa á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò náà kò kú. Ó kàn ń dúró de nǹkan ni, níbi tí kò yẹ kó ti dúró.

3. Kí ni òwú?

*Thread* ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é, òwú gan-an sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìlànà iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé gẹ́gẹ́ bí okùn kan tó ń ti orí ìlà àkọ́kọ́ lọ sí ìkejì àti ìkẹta. Ètò kan lè ní ju òwú kan lọ. Ọ̀kan ń lọ níhìn-ín, òmíràn ń lọ lọ́hùn-ún, nínú ilé kan náà, lórí ẹrù kan náà. Nínú àyọkà yìí, a ó pe èyí tó ń tọ́jú fèrèsé ní *òwú àgbà*, a ó sì pe èyí tó ń gba nọ́ńbà ní *òwú abẹ́lẹ̀*.

Ẹ wo bùkà kan ní Dùgbẹ̀. Ìyá olóúnjẹ ń bu oúnjẹ fún àwọn oníbàárà. Omi tán. Bí ìyá bá fúnra rẹ̀ lọ pọn omi, àwọn oníbàárà á dúró, àwọn mìíràn á bínú lọ. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ ló ń rán lọ. Bí ọmọ ṣe ń pọn omi, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń bu oúnjẹ. Bí ọ̀nà odò bá jìn, ọmọ nìkan ló máa pẹ́. Bùkà kò ní dúró.

Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohun tí òwú méjì wà fún nìyẹn: kí ètò lè máa dúró, kó sì máa ríran.

4. Ọmọ iṣẹ́ kì í ti ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ti ń ṣìnà. Wọ́n dá òwú abẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó ń gba nọ́ńbà, ó dára. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí òwú abẹ́lẹ̀ kan náà ya gíráàfù: «Ṣebí òun ni nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ̀?» Èyí kò yẹ, ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀.

Irinṣẹ́ tí a fi ń ya gíráàfù nínú èdè Python ni Matplotlib. John D. Hunter, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó sì gbé e jáde ní ọdún 2003. Iṣẹ́ ìwádìí ọpọlọ ni ó ń ṣe nígbà náà. Ó fẹ́ wo àmì iná mànàmáná tó ń ti ọpọlọ àwọn tó ní wárápá jáde. Àwọn tó ń tọ́jú Matplotlib lónìí kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé a kò ṣe é fún ọwọ́ òwú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni Qt rí: òwú àgbà nìkan ló lè fọwọ́ kan ohun tó wà lójú fèrèsé. Lórí kọ̀ǹpútà Apple, bí òwú mìíràn bá gbìyànjú láti ṣí fèrèsé, ètò á wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kí ló dé? Gíráàfù ní àkójọ méjì: ọ̀kan fún àsìkò, èkejì fún eruku. Ká sọ pé ọ̀ọ́dúnrún nọ́ńbà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òwú abẹ́lẹ̀ fi àsìkò tuntun kan kún ti àkọ́kọ́. Ó di 301. Kó tó fi eruku kún èkejì, kọ̀ǹpútà gba ẹnu iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún òwú àgbà. Òwú àgbà fẹ́ yàwòrán. Ó bá àsìkò 301, ó bá eruku 300. Wọn kò dọ́gba, kò sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó lè kọ̀ láti yà, ó sì lè ya nǹkan tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé kì í ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo. Ètò lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà láìní ìṣòro, kó sì ṣubú ní ọ̀gànjọ́ òru gan-an tí ẹ nílò rẹ̀. Bí ẹ bá tún un bẹ̀rẹ̀, á ṣiṣẹ́, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Sáré-n-bá-ọ ni ìwà yìí: èsì iṣẹ́ dá lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé.

Ìwà yìí ti pa ènìyàn rí. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀rọ Therac-25, tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, fún aláìsàn mẹ́fà ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà. Àwọn kan nínú wọn kú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé bí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ bá yára ṣàtúnṣe ohun tó tẹ̀, apá kan nínú ètò á ti gba àtúnṣe náà, apá kejì kò sì ní gbọ́. Àwọn tó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ tẹ̀ ẹ́ kò rí ìṣòro kankan. Gíráàfù eruku kì í ṣe ẹ̀rọ ìtànṣán, ṣùgbọ́n irú àṣìṣe kan náà ni.

Àwọn kan á ní Python ní àgádágodo kan tí wọ́n ń pè ní GIL, tí kì í jẹ́ kí òwú méjì ṣiṣẹ́ Python ní ìṣẹ́jú kan náà. Òótọ́ ni pé ó wà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dáàbò bò ni inú Python fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé àsìkò àti eruku yín jẹ́ ìbejì tí a kò gbọdọ̀ yà. Kọ̀ǹpútà lè pààrọ̀ òwú láàárín ìlà kóòdù kan àti èkejì. Yàtọ̀ sí èyí, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tí Python 3.13 ti jáde, ẹ lè rí irú Python tí kò ní àgádágodo náà rárá. Ẹ má fi ọkàn tẹ̀ ẹ́.

5. Àmù láàárín

Ẹ padà sí bùkà wa. Ọmọ iṣẹ́ kì í da omi sínú ìkòkò ọbẹ̀. Àmù ni ó ń dà á sí. Ìyá, nígbà tí àyè bá gbà á, á bu omi nínú àmù, òun fúnra rẹ̀ á sì dà á sí ibi tó fẹ́. Ọmọ kò fọwọ́ kan ọbẹ̀. Ìyá kò lọ sí odò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àmù nìkan ni àwọn méjèèjì jọ ń lò.

Python ní àmù tirẹ̀: `Queue` ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣe é kí òwú púpọ̀ lè máa fi nǹkan sí i, kí òmíràn sì máa mú un jáde, láìsí ìjà. Ohun tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ wo bí a ṣe kọ ọ́:

```
àmù = queue.Queue()
dúró = threading.Event()
àsìkò = deque(maxlen=3600)
eruku = deque(maxlen=3600)
fig, ax = plt.subplots()
ìlà, = ax.plot([], [])

def pọn():                      # òwú abẹ́lẹ̀
    while not dúró.is_set():
        iye = kà()
        if iye is not None:
            àmù.put((time.time(), iye))

def yà(_):                      # òwú àgbà
    while not àmù.empty():
        t, iye = àmù.get()
        àsìkò.append(t)
        eruku.append(iye)
    ìlà.set_data(list(àsìkò), list(eruku))
    ax.relim()
    ax.autoscale_view()

òwú = threading.Thread(target=pọn)
òwú.start()
eré = FuncAnimation(fig, yà, interval=500,
                    cache_frame_data=False)
plt.show()
dúró.set()
òwú.join()
```

Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ.

`pọn` ni iṣẹ́ ọmọ. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì ní kó dúró, ó ń ka ẹ̀rọ, ó ń so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ àsìkò, ó sì ń ju àwọn méjèèjì sínú àmù *pọ̀*, bí ẹni so ìbejì mọ́ ẹ̀yìn kan. Àyè kò sí mọ́ fún kí ọ̀kan dé kí èkejì má dé. A kò kọ `kà` síbí; ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba báìtì mẹ́wàá, ó ń yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ń dá iye eruku padà. Ẹ rí i pé ẹ fún un ní gbèdéke àkókò, bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kó má baà dúró títí láé bí wáyà bá já.

`yà` ni iṣẹ́ ìyá. Ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni `FuncAnimation` ń pè é, nítorí a kọ 500 síbẹ̀. Bí a bá pè é, á bu gbogbo ohun tó wà nínú àmù, á sì ya ìlà lẹ́ẹ̀kan. Bí àmù bá ṣófo, kò dúró. Á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun nìkan ló mọ ibi tí `àsìkò` àti `eruku` wà. Nítorí náà, a kò nílò àgádágodo kankan fún wọn.

`maxlen=3600` ń sọ pé kí a tọ́jú nọ́ńbà wákàtí kan péré. Bí èyí tó jẹ́ 3601 bá wọlé, èyí tó pẹ́ jù á jáde. Láìsí èyí, gíráàfù á máa wúwo sí i, títí tí yíyà rẹ̀ á fi pẹ́ ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ, òwú àgbà á sì tún di ẹni tí kì í gbọ́ ìpè.

Kí nìdí tí a fi fún `FuncAnimation` ní orúkọ, *eré*, nígbà tí a kò tún pe orúkọ náà mọ́? Nítorí pé ohun tí kò ní orúkọ nínú Python kò lẹ́nìkan tó dì í mú. Python á kó o dànù bí ìdọ̀tí, gíráàfù á sì dúró láìsọ ìdí. Ìlà méjì tó kẹ́yìn ń sọ pé nígbà tí ẹ bá pa fèrèsé dé, kí ẹ sọ fún ọmọ pé kó dúró, kí ẹ sì dúró dè é kó parí. Àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń pa fèrèsé tán, ètò a ṣì máa lọ lábẹ́lẹ̀, wáyà ẹ̀rọ a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní lè lò ó.

Irinṣẹ́ mìíràn ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú Tkinter, `after` ló ń rán ìyá létí pé kó wo àmù. Nínú Qt, òwú abẹ́lẹ̀ ń fi àmì ránṣẹ́, Qt fúnra rẹ̀ a sì to àmì náà sílà fún òwú àgbà. Orúkọ yàtọ̀, ọgbọ́n kan náà ni: gbé ọ̀rọ̀ lé ẹni tó ni fèrèsé lọ́wọ́, má yà á fún un.

6. Gíráàfù tó dákẹ́ àti afẹ́fẹ́ tó mọ́

Ó ku ohun kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ká sọ pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ nínú òwú abẹ́lẹ̀. Nínú Python, òwú náà á kú, á sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ibi tí ẹ kì í sábà wò. Ṣùgbọ́n òwú àgbà kò ní kú pẹ̀lú rẹ̀. Fèrèsé á ṣì máa gbọ́ ìpè. Ìlà á ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn a jẹ́ 8. Ẹ ó wò ó, ẹ ó ní afẹ́fẹ́ dára, ẹ ó sì ṣí fèrèsé fún ọmọ tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, nígbà tí ìta ti kún fún èéfín.

Ètò tí kò ní òwú abẹ́lẹ̀ máa ń dákú ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè rí i. Ètò tó ní òwú abẹ́lẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ọmọ tó rán lọ sódò kò padà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gíráàfù máa sọ ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi ìlà mẹ́ta yìí kún òpin `yà`:

```
    if àsìkò:
        ọjọ́_orí = time.time() - àsìkò[-1]
        ìlà.set_color("red" if ọjọ́_orí > 10 else "black")
```

Bí nọ́ńbà tuntun kò bá dé fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ìlà á di pupa. Kì í ṣe pé eruku pọ̀ ni pupa ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé, «Mi ò mọ̀ mọ́.» Ẹ̀rọ tó lè sọ pé òun kò mọ̀ sàn ju èyí tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ tan ènìyàn lọ. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ní ayọ̀ ni òun wà àti ẹni tí kò gbé fóònù mọ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé SDS011 fúnra rẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìkùukùu bá dì, tí afẹ́fẹ́ rin gbingbin, ó lè ka ẹ̀kán omi mọ́ eruku. Òwúrọ̀ ìgbà òtútù ní Berlin máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kóòdù tó dára kò lè tún nọ́ńbà tí kò dára ṣe.

7. Ẹ wo bí èdè ṣe sọ ọ́

Ẹ fiyè sí ọ̀nà mẹ́ta tí Yorùbá fi sọ ọ̀rọ̀ àsìkò nínú àyọkà yìí.

*Bí … ṣe ń …, bẹ́ẹ̀ ni … ń …*: «Bí ọmọ ṣe ń pọn omi, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń bu oúnjẹ.» Iṣẹ́ méjì ń lọ ní àkókò kan náà, ẹni méjì ló sì ń ṣe wọ́n. Òwú méjì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé ara wọn: «Ìyá bu omi dà sí ìkòkò.» Ẹnìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀, ní ìtẹ̀léra. Òwú kan nìyẹn. Bí ẹ bá sọ pé «Ọmọ pọn omi wá fún ìyá», ọmọ ló pọn, ọmọ ló gbé e wá. Ìyá kò ṣe nǹkan kan nínú gbólóhùn náà ju pé ó gbà á.

*Kí … tó …*: «Kó tó fi eruku kún èkejì, kọ̀ǹpútà gba ẹnu iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.» Nínú gbólóhùn kékeré yìí ni gbogbo ewu sáré-n-bá-ọ wà.

Ẹ ó tún ti rí i pé orúkọ inú kóòdù wa ní àmì ohùn lórí àti ní ìsàlẹ̀. Láti ọdún 2008 tí Python 3 ti jáde, ó gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń tẹ *ọ* gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, àwọn kan ń tẹ *o* kí wọ́n tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Python ka méjèèjì sí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ `owu` níbi kan tí ẹ kọ `òwú` níbòmíràn, á ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó le ni kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ àmì ohùn.

Àlàyé àwọn ọ̀rọ̀

*àmù*: ìkòkò ńlá tí a ń tọ́jú omi mímu sí nínú ilé.
*báńgà*: ohun tí àwọn ènìyàn ń yìn nígbà ọdún, tó ń dún gbàmù.
*bùkà*: ilé oúnjẹ kékeré níbi tí a ti ń se oúnjẹ tà.
*gbèdéke*: ibi tí nǹkan gbọ́dọ̀ parí sí; ààlà.
*ikọ́ ẹ̀gbẹ*: àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè mí dáadáa.
*ìṣẹ́jú-àáyá*: ọ̀kan nínú ọgọ́ta ìpín ìṣẹ́jú kan.
*ọyẹ́*: ìgbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku ń ti àríwá wá.
*pọn omi*: láti lọ bu omi ní odò tàbí kànga wá sílé.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìwà iṣẹ́ gbígba nọ́ńbà àti ìwà iṣẹ́ yíyàwòrán?
2. Nínú àpẹẹrẹ bùkà, ta ni òwú àgbà? Ta ni òwú abẹ́lẹ̀? Kí ni ìkòkò ọbẹ̀ dúró fún?
3. Kí nìdí tí a fi ju àsìkò àti eruku sínú àmù pọ̀, tí a kò jù wọ́n sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?
4. Kí ni ìlà pupa ń sọ, kí sì ni kò sọ?
5. Ẹ lo *bí … ṣe ń …, bẹ́ẹ̀ ni … ń …* láti kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tí ẹ rí nínú ọkọ̀ U5 ní òwúrọ̀ yìí.
6. Ẹ ṣàlàyé àmù àti òwú méjì fún ẹnìkan nínú ilé yín tí kò mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ lo àpẹẹrẹ tiyín, kì í ṣe bùkà. Ẹ kọ ọ́ sínú ojú ìwé kan, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.